Owó Ẹ̀yin Aláṣẹ̀ṣẹ̀gbìn-Ẹ̀fọ́ Ń Ṣòfò

Òjò ti dé, ọ̀pọ̀ èèyàn n'Íbàdàn níbí sì ti tún ń da owó sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ń dùn mí, nítorí àṣìṣe kan náà ni lọ́dọọdún.

1. Ẹ má sáré gbìn sí òjò àkọ́rọ̀. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kó wá dá gáú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi yó ná.

2. Ẹ má fọ́n ewédú ní tútù. Èèpo hóró rẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré, ẹ sá a, kí ẹ tó fọ́n ọn. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń lọ bá ìyá oníhóró jà pé ayédèrú ló tà.

3. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù! Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa rà á wá tààrà láti oko adìyẹ, ó ṣì ń gbóná nínú àpò. Ó dà á sórí ebè, ó sì lọ́ ata rodo sí i (ó ṣí èyí tó ti hù gbìn síbẹ̀) lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó fi máa pè mí, etí ewé ti gbẹ bí èyí tí iná rà. Mo fa ọ̀kan tu: gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, irun ara rẹ̀ ti jẹrà tán. Òórùn ilẹ̀ náà ń ta wá lójú. Ó ní kòkòrò ni, ó ti ra oògùn, ó ti fín in. Owó lórí owó! Kòkòrò kọ́ o. Ooru àti ammonia (afẹ́fẹ́ tó ń ta wá lójú yẹn) inú ìgbẹ́ ló jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbòji, ẹ da ewé gbígbẹ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ máa yí i títí tí kò fi ní gbóná, tí kò fi ní rùn mọ́. Ó lè gbà tó oṣù méjì. Ẹ ní sùúrù. Ewé tí à ń jẹ ni à ń gbìn, ìgbẹ́ tútù sì máa ń kó àrùn inú ranni.

Tòmátì ńkọ́? Ẹ fi igi gbè é, ẹ gé ewé tó bá ti kan ilẹ̀. Ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sí i lára ló ń gbé àrùn wá.

Ẹ má lọ́ nǹkan lọ́sàn-án gangan. Ìrọ̀lẹ́ ni.

Tẹ̀tẹ̀: ẹ po hóró rẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kó má baà hù gbá ara wọn pọ̀.

Ẹni tó bá sì ti da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ báyìí, kó fi ọkọ́ yí i wọlẹ̀, kó má gbin ohunkóhun síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Kó sì dá owó oògùn kòkòrò yẹn dúró.