Omi Tó Ń Kán Lẹ́rẹ̀kẹ́ Nígbà Oúnjẹ: Ìtọ́jú Tí Kò La Ọ̀bẹ Lọ

Bàbá kan ń ṣánko, àdá ta lára kùkùté, ó sì bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, níwájú etí. Wọ́n rán ọgbẹ́ náà, ó jinná, àfi ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí bàbá bá ti gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, omi tó mọ́ gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í kán níbẹ̀, á ṣàn dé àgbọ̀n, á rin ọrùn ẹ̀wù. Tó bá jẹun tán, omi á dá. Ojú tì í débi pé kì í bá ará ilé jẹun mọ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Itọ́ ni o, ó sì ní ìtọ́jú.

Orísun itọ́ ńlá mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan: níwájú etí, lábẹ́ egungun àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n. Ti iwájú etí ló tóbi jù. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gbé itọ́ rẹ̀ gba inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sẹ́nu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eyín ńlá òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ. Itọ́ tí a ń mú jáde lójúmọ́ lè tó ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀. Bí àdá, jàǹbá ọ̀kadà, oówo tàbí iṣẹ́ abẹ bá ba ọ̀nà yìí tàbí orísun náà jẹ́, itọ́ á wá ibòmíràn gbà.

Bí ọgbẹ́ náà bá ṣì tutù, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ojú kò bá lè pa dé tàbí ẹnu wọ́ sápá kan, ó lè jẹ́ pé iṣan tó ń darí ojú ti gé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló rọrùn jù fún dókítà láti rí ẹnu iṣan náà kó sì so ó. Ọgbẹ́ irú èyí nílò iṣẹ́ abẹ kíákíá.

Fún ihò tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ fọwọ́, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ nu ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ahọ́n aláìsàn. Bí omi bá yọ lójú ihò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Àyẹ̀wò lè wá èròjà amylase tó wà nínú itọ́. Bó bá jẹ́ ọyún tó ń rùn ló ń jáde, a jẹun o, a ò jẹun o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eyín jíjẹrà ló fà á.

Ìsinmi ni orísun itọ́ yẹn ń fẹ́. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa itọ́ tó dúró sábẹ́ awọ, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, á fi òwú lé e, á fi báńdéèjì we é mọ́ orí àti àgbọ̀n kó fún díẹ̀. Ẹ má tú u nítorí ooru. Ẹ jìnnà sí ohun tó ń fa itọ́: ọsàn, àgbálùmọ̀, ata, obì, ṣingọ́ọ̀mù, pákò pàápàá. Ògì tó kan wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun la máa ń sáré fún aláìsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ihò á pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Dókítà lè fi oògùn tó ń gbẹ itọ́ kún un. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oògùn yìí kì í jẹ́ kí ara làágùn tó bó ṣe yẹ, nítorí náà iṣẹ́ oko nínú oòrùn ọ̀sán lè dá yín wó. Àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, tàbí ẹni tó ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó lò ó.

Bí omi kò bá dá, abẹ́rẹ́ botulinum wà, irú èyí tí àwọn kan ń gún síwájú orí kó má baà hunjọ. Kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí iṣan ń rán sí orísun itọ́ dé ibẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, agbára rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́ta. Kí itọ́ tó padà, ihò á ti ráyè jinná. Ó wọ́n, bó bá sì ṣìnà wọ iṣan ojú, ojú lè rọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó ti wá, tí ó bá ṣeé ṣe kó máa fi ẹ̀rọ skáànù wo ibi tó ń gún. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba inú ẹnu wọ ọ̀nà itọ́ láti là á.

Ẹ má fi eérú, ewé gígún tàbí epo bẹntiróòlù sí ihò náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn rán an pa láti òde: itọ́ á kó jọ sábẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Bí ara bá gbóná, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n tó sì ń ro, ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹnu àti egungun ojú.