Búrẹ́dì mẹ́sàn-án ni mo rà ní Kobe, márùn-ún ni mo jẹ

Yẹ́ẹ̀nì 2,135 ni mo ná sórí búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìlú Kobe, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́dún 2024, yẹ́ẹ̀nì 1,050 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó oúnjẹ tí kò lè wọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Ká ní wọn kò dùn ni, n kì bá ti bínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú wọn, Mùsùlùmí sì ni mí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé mo béèrè kí n tó sanwó, wọ́n dá mi lóhùn, ìdáhùn náà kì í sì í ṣe irọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí oṣù mẹ́ta ló gbé mi dé ibẹ̀. Yàrá tí mo gbà kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Rokko, bí mo bá sì ti ṣí fèrèsé láàárọ̀ ni òórùn búrẹ́dì gbígbóná máa ń wọlé tọ̀ mí wá. Búrẹ́dì kì í ṣe àlejò ní Kobe, nítorí pé láti ọdún 1868 tí wọ́n ti ṣí èbúté ìlú náà fún àwọn ará òkèèrè ni àjèjì ti ń bá wọn gbé. Ọwọ́ àwọn Potogí ni àwọn ará Japan ti gba ọ̀rọ̀ náà pan, tí wọ́n ń pe búrẹ́dì, débi pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bàhíà ní Brazil kò ní nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń tà. Mo pinnu pé kí n tó padà sí Ìbàdàn, n óò tọ́ gbogbo èyí tí àwọn ará àdúgbò ń jẹ lójoojúmọ́ wò. N kò ní fi bí wọ́n ṣe ń gbé àtẹ àti ẹ̀mú lẹ́nu ọ̀nà, tí oníkálukú sì ń ṣa èyí tó wù ú, gba àkókò yín, torí ọmọ ọdún márùn-ún ń ṣe é lójú mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé orúkọ tí wọ́n kọ síwájú búrẹ́dì lè má sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo meron pan. Jákèjádò Japan, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bisikíìtì bò, tí wọ́n sì fa ìlà sí lára bí àwọ̀n, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí mẹ́lọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ rárá. Mo ti kà nípa rẹ̀ nílé, nítorí náà mo mú èyí tí wọ́n kọ orúkọ náà sí lójú ẹsẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé èso kòkó ló jọ, gígùn rẹ̀ àti ihà ara rẹ̀, tí ẹ̀wà funfun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ṣúgà sì kún inú rẹ̀. Èyí róbótó tí mò ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ sanraizu, ìyẹn ìyọ oòrùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn ilé búrẹ́dì àtijọ́ ní Kobe ń pè é. Èyí kò bí mi nínú, ó pa mí lẹ́rìn-ín ni. N kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Mo ti kà á pé ní agbègbè Kansai, tí Kobe wà nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá dárúkọ niku, tí í ṣe ẹran, ti màlúù ló ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, yóò sọ pé buta. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi sè, tó ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, fi ń jẹ́ butaman lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí àwọn ará Tokyo ń pè é ní nikuman. Mo di ìmọ̀ kékeré yìí mú bí ẹni tó di idà mú. Mo nàka sí karē pan, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n ki ọbẹ̀ kọ́rì sínú rẹ̀ tí wọ́n sì dín nínú epo bí àkàrà, mo bi ọmọbìnrin tó ń gbowó bóyá niku ló wà níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé n kò tún béèrè nípa àwọn mẹ́ta yòókù: yakisoba pan tí núdù díndín kún inú rẹ̀, korokke pan tó ní ànàmọ́ gígún tí wọ́n dín, àti èyí tó ní sọ́séèjì.

Nígbà tí mo délé, mo ti gé karē pan jẹ lẹ́ẹ̀kan kí aládùúgbò mi, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Vietnam tó ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nílé oúnjẹ, tó bi mí pé ṣé mo ti ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ báyìí ni. Ó ní aibiki ni wọ́n sábà máa ń lò, ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Niku wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn dá wà ni. Mo tu ohun tó wà lẹ́nu mi dànù, mo fi omi yọ ẹnu títí ó fi sú mi, mo sì kó gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì, mo lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí Kobe, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1935, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Japan. Bàbá kan níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní gbogbo wa la ti bọ́ sí kòtò yẹn rí. Wọ́n bá mi kọ àmì 豚, tí í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá rẹ̀, sínú fóònù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo padà lọ sí ilé búrẹ́dì náà, ibẹ̀ sì ni ìyà gidi wà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù túmọ̀ àwọn àkọlé fúnra mi, kí n má baà dààmú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi kọ wọ́n, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù pe ọ̀kan ní “Oòrùn yọ”, ó pe òmíràn ní “Wàrà Faransé”. Mo lọ bá ọmọbìnrin náà, mo dárúkọ hálálì fún un, kò yé e. Ó tẹríba, ó wọlé, ó sì mú fáìlì kan jáde tí wọ́n to àwọn ohun tó lè ṣàkóbá fún ara sí. Mo ṣí i síwá, mo ṣí i sẹ́yìn: ẹyin, wàrà, àlìkámà, edé, ẹ̀pà, kò sí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ohun mẹ́jọ péré ni òfin kàn nípá fún wọn lọ́dún yẹn láti kọ sára oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, pé inú àwọn tí wọ́n kàn gbani níyànjú láti kọ ni ẹlẹ́dẹ̀ wà (iṣu náà wà níbẹ̀, ẹ gbà mí o, iṣu!), àti pé ilé búrẹ́dì tó ń ta ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan níbẹ̀ gan-an láìdì í kò pọn dandan kó kọ nǹkan kan.

Gbogbo ìgbà yìí, èrò ń tò sẹ́yìn mi. Màmá arúgbó kan dúró pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́, wọn kò sọ ohunkóhun, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sì wúwo ju èébú lọ. Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin náà ní kí n jọ̀ọ́ dúró díẹ̀. “Díẹ̀” náà di ogún ìṣẹ́jú gbáko, tí shio pan, ìyẹn búrẹ́dì oníyọ̀, tí mo ti mú ń tutù lórí àtẹ mi, tí àwọn tó dé lẹ́yìn mi ń rà tí wọ́n sì ń lọ. Mo ti fẹ́ gbé àtẹ sílẹ̀ kí n máa lọ nígbà tí bàbá tó ń yan búrẹ́dì jáde, tí ìyẹ̀fun kùn wọ́n dé ìgúnpá. Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n tún wọlé, wọ́n sì gbé páálí ọ̀rá tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun jáde láti fi àkọlé rẹ̀ hàn mí: epo ọ̀pẹ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi rìn yí gbogbo pẹpẹ ká, wọ́n ń nàka: buta, buta, daijōbu, buta. Daijōbu ni pé kò séwu. Wọ́n tún sọ ohun tí n kò ronú kàn, pé inú epo kan náà ni wọ́n ti ń dín dónọ́ọ̀tì ẹlẹ́wà àti karē pan. N kò tí ì jẹ dónọ́ọ̀tì náà, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ̀ mí lójú.

Àwọn tí mo wá ń jẹ láti ọjọ́ yẹn tó ohun tí à ń jìyà lé lórí. Shio pan, tí kò ju yẹ́ẹ̀nì 130 lọ nígbà náà, ni mo fi ṣe olórí: bọ́tà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ á yọ́ tán nínú ààrò, á fi ihò sílẹ̀ láàárín, á sì dín ìdí rẹ̀ gbẹ. Anpan ní ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè mọ́ ṣúgà nínú. Kimura Yasubei ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Ginza, ní Tokyo, lọ́dún 1874, ìwúkàrà ọtí ìrẹsì ni ó sì fi wú ìyẹ̀fun rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi bàbá náà léèrè nípa tiwọn, wọ́n ní ìwúkàrà lásán làwọn ń lò. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀wà kò yẹ kó ní ṣúgà, bí èmi ti rò, yóò yí ọkàn padà nígbà tó bá fi jẹ ẹ̀kejì. Ní ti shokupan, búrẹ́dì onígun mẹ́rin wọn, ó rọ̀ ju ti Àgége lọ, ṣùgbọ́n ti Àgége máa ń fa ara mọ́ni lọ́wọ́, èmi kò sì lè pa ìyẹn tì. Ẹ ní kí wọ́n gé e sí mẹ́rin. Nípọn ni àwọn ará Kansai ń jẹ ẹ́.

Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni n óò lọ, nígbà tí kò sí èrò. N kò ní dárúkọ hálálì, n óò béèrè buta, aibiki àti epo tí wọ́n fi ń dín nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì béèrè kí ẹ̀mú tó kan nǹkan kan, nítorí pé ohun tí ẹ̀mú bá ti mú, kì í padà sórí pẹpẹ. Ó yẹ kí n sì mú àpò tèmi dání, torí wọ́n ń ta ọ̀rá.

Yẹ́ẹ̀nì 700 ló wá ń tó mi lẹ́yìn ìyẹn: sanraizu kan, shio pan kan, anpan kan, àti èyí tó ní kọ́sítáàdì. Ní ti aládùúgbò mi, nígbà tí mo bi í bí àwọn mẹ́rin tí mo fún un ṣe rí, ó ní korokke pan ló dùn jù nínú gbogbo búrẹ́dì tí òun ti jẹ ní Japan.