Bí mo ṣe fi ẹ̀kán omi yẹ ojú fíìmù zinc oxide wò

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: bí fíìmù zinc oxide, ìyẹn ìbòrí tín-ínrín, tó wà lórí gíláàsì bá ń nípọn sí i, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ tí omi ń kàn? Àwọn kan sọ fún mi pé bó bá ṣe nípọn sí i ni omi ṣe ń tẹ́ lórí rẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn búra pé ṣe ni omi máa ń ṣù jọ. Mo wá ṣe é fúnra mi.

Fífín ni mo fi ṣe é, torí ó ṣeé ṣe níbi tí kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Mo po zinc acetate gíráàmù 2.2 mọ́ distilled water títí ó fi pé mìlílítà 100, mo sì kán acetic acid díẹ̀ sí i kí ó má baà funfun bíi wàrà. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò fún máíkírósíkóòpù ni mo lò. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi acetone ṣàn án, mo tún fi distilled water ṣàn án, etí rẹ̀ nìkan ni mo sì ń dì mú, torí òróró ara ìka wa tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku pọ̀, nítorí náà mo da abọ́ bo àwọn gíláàsì náà títí tí mo fi ṣe tán láti lò wọ́n.

Mo tẹ́ wọn sórí hot plate tó gbóná tó dígírì Celsius 400, torí ooru ló ń sọ zinc acetate di zinc oxide, mo sì gbé ẹnu ẹ̀rọ ìfínǹkan sókè wọn ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 30. Mo máa ń fín díẹ̀, màá dúró kí gíláàsì tún gbóná padà, màá tún fín. Ẹ má kánjú níbí. Bí gíláàsì bá tutù, omi náà á balẹ̀ ní tútù, á sì fi àmì roboto funfun sílẹ̀. Ooru fúnra rẹ̀ pẹ̀lú máa ń mú kí wóró kírísítálì tóbi. Bí ooru ò bá dọ́gba láti orí gíláàsì kan sí èkejì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá nínípọn ló fa ohun tí ẹ rí tàbí ooru. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ò dáa fún irú iṣẹ́ yìí rárá, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn. Iye àkókò tí mo fi fín an nìkan ni mo jẹ́ kó yàtọ̀.

Bí fíìmù ṣe ń nípọn ni àwọ̀ ń jáde lára rẹ̀, bíi ti epo bẹntiróòlù tó dà sórí omi òjò lójú títì. Ó wù mí wò, àmọ́ ìwọ̀n ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo wọn gíláàsì kí n tó fín an, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Zinc oxide wúwo tó gíráàmù 5.6 ní sẹ̀ńtímítà oníhà mẹ́ta kan, gíláàsì yìí sì gùn ní mìlímítà 75, ó fẹ̀ ní 25. Bí ó bá fi mílígíráàmù 2.1 wúwo sí i, fíìmù náà nípọn tó nánómítà 200 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà). Ìwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù kò lè sọ ìyàtọ̀ tó kéré ju nǹkan bíi nánómítà 10 lọ, ẹ fi sọ́kàn.

Mo fi díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Lórí èyí tó fẹ́lẹ́, àwọn wóró rẹ̀ kéré, wọ́n sún mọ́ra, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú. Lórí èyí tó nípọn, wóró tóbi, àwọn kan yọ orí síta ju àwọn yòókù lọ, ojú rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Ibi púpọ̀ ni kírísítálì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tó nàró máa ń yára dàgbà ju àwọn tó dùbúlẹ̀, wọ́n á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nínípọn ló fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku omi. Sírínjì ìnsúlínì mìlílítà kan ni mo fi kán an: ìlà kan nínú 100 jẹ́ máíkírólítà 10, ìdajì rẹ̀ ni mo lò, torí bí ẹ̀kán bá tóbi jù, ìwúwo rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo sì fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú àwòrán, wọn igun tí etí omi àti fíìmù pàdé. Bí igun náà bá kéré, omi tẹ́ nìyẹn; bó bá tóbi, omi ṣù.

Lórí fíìmù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, omi tẹ́ lórí gbogbo wọn, ó sì tẹ́ jù lórí èyí tó nípọn. Mo kó wọn sínú àpótí tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí mo tún kán omi sí wọn, ó ti ṣù, igun rẹ̀ ti kọjá dígírì 90, ó sì ṣù jù lórí èyí tó nípọn! Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, torí ó bá òfin tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Wenzel, kọ sílẹ̀ lọ́dún 1936 mu: ojú gbágungbàgun máa ń fi kún ìwà tí ohun náà ti ní tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká ní ojú náà fi ìdá kan nínú márùn-ún fẹ̀ ju ojú tó tẹ́jú lọ. Igun dígírì 60 á di nǹkan bíi 53, ti 110 á sì di nǹkan bíi 114. Àwọn èròjà bí òróró tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló rọra bo ojú zinc oxide nínú àpótí, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ omi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó kọ wákàtí tí fíìmù kọ̀ọ̀kan kúrò lórí iná sí ẹ̀yìn gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe nípọn tó. Kí ó má sì ṣe gbé wọn sí ojú fèrèsé, torí ìtànṣán oòrùn máa ń sọ ojú zinc oxide di ohun tó fẹ́ràn omi padà. Èyí tó nípọn jù lọ, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn kí ẹ tó kán omi sí i. Bí fíìmù bá bá sẹ́lótéèpù ṣí kúrò, kò wúlò fún ìwọ̀n.