Ìsinmi etí òkun nígbà òjò: iṣẹ́ tí ẹbí lè ṣe tí ọmọ kò fi ní gbàgbé

Ẹni tó bá ń kó ẹbí láti Kàbbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ sí etí òkun ní Èkó tàbí Àgbádárìgì nígbà tí ilé-ìwé bá ti pa, kó ti fi sọ́kàn pé òjò yóò rọ̀. Ìyẹn kò ba ìsinmi jẹ́. Ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì tún sọ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ló máa ń dúró lórí rẹ̀, ọjọ́ òjò ló sì ń fún àgbà láyè láti ṣe méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n fi síwájú tẹlifíṣọ̀n ní òtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní rí nǹkan kan sọ tó bá délé.

Ẹ yan àkókò dáadáa. Ní Èkó, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń dín kù láti ìparí oṣù keje wọ oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, oṣù kẹsàn-án ni òjò sábà máa ń le jù, ìgbà náà sì ni Odò Ọya ń kún bọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ló dára jù láti lọ kí ẹ sì padà. Àmọ́ ẹ má torí pé òjò dín kù kí ẹ rò pé òkun ti rọlẹ̀. Ìgbì asìkò yìí ga, ó sì lágbára.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ ṣètò fún, ó kéré tán, torí odindi ọjọ́ kan ni ìrìn-àjò yóò gbà ní àlọ, yóò sì gba òmíràn ní àbọ̀. Ẹ kó aṣọ òjò dípò agboòrùn, nítorí atẹ́gùn etí òkun á yí agboòrùn sódì lójú ẹsẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì méjìméjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá tutù lónìí kò ní gbẹ títí di ọ̀la. Ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì sílẹ̀ nílé, òun náà kì í gbẹ. Ẹ mú bàtà rọ́bà, àpò ọ̀rá oníṣíìpù, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, pẹ́ńsù mẹ́ta, sẹ́lótéèpù, ọpọ́n ayò, gààrì àti ẹ̀pà.

Ìgò òjò méjì

Èyí ni iṣẹ́ tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé sì ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ìgò ike onílítà kan àbọ̀ méjì tí ara wọn gún dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgò tó fún ní ìbàdí kò wúlò, torí omi inú rẹ̀ kò ní gòkè ní déédéé. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ níbi tí ọrùn ti parí tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ẹ ṣí ìdérí kúrò, kí ẹ dojú orí náà kodò sínú ìgò bí àrọ, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ yíká kí ó má bàa ya ọmọ lọ́wọ́.

Ìsàlẹ̀ ìgò ike máa ń ní gbágun-gbàgun. Ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ mélòó kan sí i kí ó lè wúwo, kí ẹ wá bu omi sí i títí yóò fi bo òkúta àti gbágun-gbàgun náà, tí yóò sì dé ibi tí ara ìgò ti gún. Ẹ fa ilà síbẹ̀. Ilà yẹn ni òdo. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ara ìgò kí òdo rúlà bọ́ sórí ilà náà gẹ́lẹ́. Bí rúlà bá ní àlàfo díẹ̀ kí òdo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àlàfo náà á wà nísàlẹ̀ ilà.

Ní aago méje àárọ̀ ojoojúmọ́, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú omi, kó ka iye mìlímítà tó wà lókè ilà, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì, kó sì da omi náà nù títí yóò fi padà sí ojú ilà. Mìlímítà kan túmọ̀ sí pé lítà omi kan bọ́ sórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó. Ọmọ tó bá ka ogójì lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n mítà kan sílẹ̀, kó sì fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì onílítà ogún méjì tí wọ́n dà síbẹ̀. Kò tún ní béèrè ìdí tí gọ́tà fi ń kún.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí wọ́n gbé ìgò sábẹ́ òrùlé. Ọ̀sọ̀rọ̀ á kún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi gbangba ló yẹ ẹ́, kí ó jìnnà sí ilé ní ìlọ́po méjì gíga òrùlé. Bí atẹ́gùn bá ń dà á nù, ẹ rì í sínú iyanrìn dé ìdá mẹ́ta rẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, omi á fà sí ìsàlẹ̀ ilà. Ẹ bù kún un dé ilà kí ẹ tó máa kà lọ.

Ìgò kejì wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ní Kàbbà. Lẹ́yìn aago méje, kí ọmọ pe ilé. Kó kọ́kọ́ kí wọn dáadáa bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, “Òkun o, ìyá,” kó wá sọ iye mìlímítà tó kà, kí àwọn ará ilé náà sọ tiwọn. Ìyá àgbà tó bá ti sọ pé “tiwa ju tiyín lọ lónìí” ti di ara ìsinmi náà láìkúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀la ni ọmọ yóò sì máa dù láti tètè jí.

Nígbà tí òjò bá dá

Ẹ lọ sí etí omi, ṣùgbọ́n kókósẹ̀ ni kí omi mọ ní asìkò yìí. Ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ odò mọ̀ pé ibi tí omi bá ti parọ́rọ́ ni kò léwu. Ní òkun, òdìkejì rẹ̀ ni. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí ó parọ́rọ́ láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń fọ́, tí ìfófòó sì ń sá lọ sínú, ibẹ̀ ni omi ti ń fa ènìyàn lọ. Ẹ dúró kí ẹ fi han ọmọ kó tó bọ́ bàtà. Ẹni tí ó bá fà kó má bá a jìjàkadì padà sí èbúté tààrà. Kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní títọ etí òkun títí omi yóò fi jù ú sílẹ̀, tàbí kó léfòó kó sì na ọwọ́ sókè. Àgbà kan sí ọmọ méjì, kò sì gbọdọ̀ sí fóònù lọ́wọ́ àgbà náà.

Bí àrá bá ti sán, ẹ kúrò létí omi kíá. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi àgbọn. Inú ilé tàbí inú ọkọ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà.

Ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni ìkarawun máa ń pọ̀ lórí iyanrìn. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ fi igi kan sàmì sí ibi tí omi fà sẹ́yìn dé, kí ẹ kọ aago sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, omi á dé ibẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago ti àná. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí i kò tún ní nílò àlàyé gígùn. Ìkarawun márùn-ún péré ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yàn. Èyí tí ẹran rẹ̀ ṣì wà nínú, ẹ dá a padà sómi, nítorí bí ẹ bá gbé e lọ, á rà, á sì mú gbogbo báàgì rùn. Ẹ se àwọn tó kù nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sá wọn. Ẹ má lo ọtí kíkan láti fi fọ̀ ọ́, nítorí ó máa ń jẹ ìkarawun. Ẹ fi ìwé ìròyìn di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọmọ àti déètì sí i. Bírò á yọ̀ bí omi bá kàn án.

Ọjọ́ tí òjò kò dá rárá

Ẹ lọ sí inú ìlú Àgbádárìgì. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé Sẹ̀ríkí Abass tó ní yàrá ogójì tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́. Abẹ́ òrùlé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu nígbà tí ìjì bá ń jà, ẹ má sì wọ ọkọ̀ tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Òkun gan-an. Ogun Tápà kó ènìyàn ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, títí tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà, olú-ìlú Tápà, ní 1897. Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, gba ọ̀rọ̀ èdè sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854. Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó kọ. Àwọn ènìyàn wa rí òkun yìí, wọn kò sì fẹ́ rí i. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó béèrè. Ọmọ kékeré kò nílò láti wọ yàrá ẹrú.

Ní alẹ́, ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀. Kí ọmọ béèrè pé: orí òkè wo ni àwọn bàbá ńlá wa sá sí nígbà ogun? Ta ló kọ́kọ́ rí òkun nínú ẹbí wa? Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ wá pa àlọ́, kí gbogbo ilé gbe orin rẹ̀. Ariwo òjò lórí páànù máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí wọ́n ká, kí ó má jìnnà ju ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sí ipò ọkọ̀ òfurufú kí ìpè má bàa gé e. Gba ìṣẹ́jú kan péré, gbọ́ ọ wò, kí ẹ tó máa bá a lọ.

Tí owó kò bá tó Èkó, Lọ́kọ́ja kò jìnnà. Ìgò òjò, ohùn gbígbà àti ìpàdé Odò Ọya pẹ̀lú Bẹ́núè tó fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí bèbè odò nígbà tó bá kún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá dé ilé, ẹ tẹ fọ́tò ogún péré jáde. Igba tó wà lórí fóònù kò sí ẹni tó ń wò ó. WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù, nítorí náà bí dókúmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má kọ bírò sẹ́yìn fọ́tò, torí ó máa ń hàn síwájú; ẹ kọ ọ́ sórí ìwé álíbọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi fọ́tò lẹ gíláàsì lójúkojú nígbà òjò, ọ̀rinrin á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ohùn tí ẹ gbà, ẹ sọ ọ́ lórúkọ pẹ̀lú déètì, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi òmíràn sórí káàdì mẹ́mórì nínú fóònù kékeré ìyá àgbà, kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ gbọ́ fúnra wọn.