Sípánà Tó "Fẹ́rẹ̀ẹ́ Wọ̀" Kò Wọ̀: Irinṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Nígbà ìkórè pákí tó kọjá, ọ̀kadà mẹ́ta ló dùbúlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn. Kò sí èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan, orí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì ti di róbótó. Èkejì, púlọ́ọ̀gì kán sínú ihò. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lu nọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì títí ilé ẹ́ńjìnnì fi sán. Pákí tí wọ́n ti hú sílẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìlà dúdú ti ń yọ nínú rẹ̀, àwọn tó ń yan gààrì kò sì rà á mọ́.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń rí ní gbogbo ibi tí mo bá dé ni sípánà tí kò bá nọ́ọ̀tì mu. Àpótí tí bàbá fi tún lọ́rí àtijọ́ ṣe ló wà nílé, ìnṣì ni wọ́n kọ sára àwọn sípánà inú rẹ̀. Mìlímítà ni ọ̀kadà yín. Ẹ mú 11/16, ẹ fi sórí nọ́ọ̀tì 17, yóò wọlé. Ẹ wá fi ọwọ́ mì í: ó ń jó sọ́tùn-ún, ó ń jó sósì. Àlàfo ibẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, òun náà ló ń bó etí nọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni 9/16 lórí 14; ti 1/2 lórí 12 tilẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Ẹ kó wọn kúrò nínú àpótí ọ̀kadà lónìí. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ óò máa rọra lò ó. Ẹni tí orí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì rẹ̀ di róbótó lókè yìí náà ń rọra lò ó.

Sípánà tí wọ́n ń ṣí ẹnu rẹ̀, tí wọ́n tún ń pa á dé, kò gbọ́dọ̀ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀mú náà kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ẹ má ra àpótí ńlá olówó pọ́ọ́kú tó kún fún irinṣẹ́ tí ẹ ò ní lò láé. Ẹ ra ríǹgì 17 kan tó le, àti T-sípánà 8, 10, 12 àti 14. Kí ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: ojú mẹ́fà ni kó ní, kì í ṣe méjìlá. Sípánà púlọ́ọ̀gì ń tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì tó wà lára ọ̀kadà yín. Púlọ́ọ̀gì D8EA tó wà nínú ọ̀kadà Honda CG125, 18 ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀kadà mìíràn ń lo 16. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì yín, ẹ mú un dání lọ sọ́jà.

Bí ẹ bá ń dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ẹ fi ọwọ́ nìkan yí i títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà yí i ní ìlàjì ìyípo bó bá jẹ́ tuntun. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ti tó. Ẹni tó bá ń gun orí sípánà láti dè é, kó má pè mí.

Ewé ìwọ̀n tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo fáàfù, ni ọ̀pọ̀ yín kò ní, ẹ sì ń fi etí wọn àlàfo náà. CG125 ń fẹ́ àlàfo 0.08 mìlímítà ní fáàfù méjèèjì, kí ẹ́ńjìnnì ti sùn tutù mọ́jú. Púpọ̀ nínú ewé tó wà lọ́jà ń fò láti 0.05 sí 0.10, nítorí náà ẹ ka nọ́ńbà ara wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì kí àmì T bá àmì ara ilé rẹ̀ mu. Bí apá tápẹ́ẹ̀tì kò bá mì rárá, ẹ yí i kan odidi ìyípo sí i. Bí ẹ bá ń fa ewé náà, kó máa há díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa owó bébà jáde láàárín ìwé tí wọ́n pa dé. Bí tiyín kì í bá ṣe CG, inú ìwé ọ̀kadà yín ni kí ẹ ti wo nọ́ńbà. Ti aládùúgbò kì í ṣe tiyín.

Abọ́ gààrì kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọ́ìlì dúdú. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gé kẹ́ẹ̀gì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín mẹ́rin fún kílọ́ọ̀ṣì àti èyí tí wọ́n fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì yọ kì í ṣe ohun tí ilé kan ṣoṣo ń rà, ìgbà díẹ̀ ni ẹ máa lò wọ́n. Kí ọlọ́kadà márùn-ún dá owó jọ rà á, irú ọ̀kadà kan náà ni kí márààrún máa gùn, kí ó sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í ti oko sùn. Ẹsẹ̀ èyí tó ń fa mágínẹ́ẹ̀tì ń yàtọ̀, òmíràn tilẹ̀ ń yí sí òdìkejì. Ẹ gun ọ̀kadà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ọlọ́jà kò bá jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yí i wọ ìyípo mẹ́ta kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ.