Bí a ṣe ń tún orí lẹ́tà ìméèlì ṣe lórí sáfà Postfix

Gbogbo lẹ́tà ìméèlì ló ní apá kan lókè tí ẹni tó ń kà á kì í sábà rí, èyí tí a ń pè ní orí lẹ́tà. Ibẹ̀ ni sáfà kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ti ń kọ ìlà Received tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nínú wọn ló máa ń tú àṣírí jù, torí pé bí òṣìṣẹ́ kan bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ilé, nọ́ńbà IP ilé rẹ̀ á hàn níbẹ̀ sí gbogbo ẹni tó bá gba lẹ́tà náà. Ó tọ́ kí alákòóso sáfà dáàbò bo àwọn èèyàn rẹ̀ lórí èyí, Postfix, ìyẹn ètò tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí sáfà, sì lè bá a yọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ `postconf -m` láti wò bóyá pcre, ìyẹn ọ̀nà tí Postfix fi ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ nínú ìlà, wà níbẹ̀. Bí kò bá sí lórí Debian, ẹ fi `postfix-pcre` sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì tuntun, `/etc/postfix/ori_leta`, kí ẹ sì kọ èyí sínú rẹ̀:

```
/^Received:.*with ESMTPSA/ IGNORE
/^(User-Agent|X-Mailer):/ IGNORE
```

User-Agent àti X-Mailer ni ìlà tó ń sọ orúkọ ètò tí a fi kọ lẹ́tà. IGNORE ní kí Postfix yọ ìlà náà kúrò. REPLACE ni ti pípààrọ̀, PREPEND sì ni ti fífi ìlà mìíràn ṣáájú rẹ̀. ESMTPSA ni Postfix máa ń kọ nígbà tí olùfiránṣẹ́ bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé lórí TLS, ìyẹn ìsopọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè kà.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré fi `header_checks`, ìyẹn ìlà tó ń tọ́ka Postfix sí fáìlì òfin yìí, sínú main.cf tó jẹ́ fáìlì ètò gbogbogbòò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà, títí kan èyí tó ń ti ìta bọ̀, ni ìyẹn máa kàn. Àwọn sáfà mìíràn náà ń kọ ESMTPSA, nítorí náà ẹ ó máa pa ipa ẹsẹ̀ lẹ́tà àlejò rẹ́, kò sì ní rọrùn mọ́ láti tọpa oníjìbìtì. Inú master.cf, fáìlì tó ń to iṣẹ́ Postfix kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi ìlà yìí sábẹ́ submission, ìyẹn pọ́ọ̀tù 587 tí àwọn èèyàn yín ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún 465 bí ẹ bá ń lò ó:

```
  -o cleanup_service_name=subcleanup
```

Kí ẹ wá fi èyí sí ìsàlẹ̀ fáìlì náà, kí cleanup, iṣẹ́ Postfix tó ń tún lẹ́tà ṣe, lè ní ẹ̀dà kan tó wà fún lẹ́tà àwọn èèyàn yín nìkan:

```
subcleanup unix n - y - 0 cleanup
  -o header_checks=pcre:/etc/postfix/ori_leta
```

Òfo tó ṣáájú `-o` ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ fún Postfix pé ìlà tó wà lókè ló ń bá lọ; kò sì gbọdọ̀ sí òfo kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì `=`.

Kí ẹ tó tan án, ẹ fi lẹ́tà kan tí ẹ ti tọ́jú dán an wò:

```
postmap -hq - pcre:/etc/postfix/ori_leta < leta.eml
```

Àwọn ìlà tí òfin yín bá mú nìkan ló máa jáde. Bí wọ́n bá tọ̀nà, ẹ tẹ `postfix check`, lẹ́yìn náà `postfix reload`, kí ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lórí sáfà mìíràn, kí ẹ sì ka orí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fi `smtp_header_checks` yí From tàbí Subject padà bí ẹ bá ń fi DKIM, ìyẹn àmì tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá, bu ọwọ́ lu lẹ́tà, nítorí ìgbà tí lẹ́tà bá ń jáde lọ ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn lẹ́yìn tí ìbuwọ́lù ti wà lórí rẹ̀, sáfà tó bá gbà á yóò sì rí i pé ìbuwọ́lù náà kò bá lẹ́tà mu mọ́.