Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọbìnrin Mẹ́rin ní Rílè ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Kan ní Brampton

Ní ìparí oṣù kejì ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Brampton, ní agbègbè Peel tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, wọlé láti ilé ẹ̀kọ́, ó fajú ro. Olùkọ́ tí ó máa ń kọ́ wọn ní rílè, ìyẹn eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin tí a ti ń fi ọ̀pá lé ara ẹni lọ́wọ́, ti lọ fún ìsinmi ìbímọ, àwọn olùkọ́ tó kù sì ti ní ikọ̀ mìíràn lọ́rùn. Bí kò bá sí àgbàlagbà tí yóò dúró tì wọ́n, kò ní sí rílè fún àwọn ọmọbìnrin ní sáà náà. Èmi sá rílè fún ilé ẹ̀kọ́ mi ní Òṣogbo, ìlú tí wọ́n ti bí Olapade Adeniken, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà nínú rílè 4x100 ní ìdíje Olympic ní Barcelona ní ọdún 1992. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa fi máa ń gún wa ní kẹ́ṣẹ́ nígbà náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé n ó lọ bá wọn.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí òbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ontario, ìpínlẹ̀ Kánádà tí Brampton wà, mọ̀, tí èmi gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí n tó mọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ń ṣe kóòṣì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lé owó oṣù wọn nítorí rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, olùkọ́ ìtàn ni ó ń tẹ̀ lé wọn lọ sórí yìnyín fún họ́kì, lẹ́yìn tí aago ilé ẹ̀kọ́ bá ti lù. Nítorí pé àtinúwá ni, nígbà tí àwọn olùkọ́ Ontario bínú sí òfin tí ìjọba ṣe lórí àdéhùn iṣẹ́ wọn ní ọdún 2012, eré ìdárayá wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ sì wà láìní ikọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwa òbí tí a ti wo ilé ẹ̀kọ́ bí ibi tí a ń já ọmọ sí ní àárọ̀ tí a sì ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́, àyè wa wà níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Mo kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka eré ìdárayá. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi tí n kì í ṣe olùkọ́ kò lè dá dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ. Olùkọ́ kan yóò máa wà níbẹ̀ tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan gbà láti ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ni mo gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Peel, irú èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò sún mọ́ ọmọdé tàbí aláìlera, tí wọ́n fi ń wádìí bóyá ẹni náà ti dá ọ̀ràn rí. Wọ́n ní kí n wá tẹ̀ka, èyí sì mú kí ó pẹ́ ju bí mo ti rò lọ, nítorí náà mo ń rọ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìgbà ìrúwé pé kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ láti oṣù kìíní.

Ìwé tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti òfin Rowan. Rowan Stringer jẹ́ ọmọ ọdún 17, balógun ikọ̀ rọ́gíbì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ottawa. Ó forí gbá, ó tún padà sórí pápá nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò, ó tún forí gbá, ó sì kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Láti inú ikú rẹ̀ ni Ontario ti ṣe òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní ọdún 2018, pé kí eléré tí kò tíì pé ọdún 26, òbí àwọn ọmọdé, àti kóòṣì máa ka ìwé nípa ìpalára ọpọlọ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé àwọn kà á, kí ọmọ tó dé orí pápá. Mo rántí bí wọ́n ti máa ń da omi lé wa lórí nílé, tí wọ́n á ní kí a dìde kí a máa sá lọ. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i, mo sì ní kí ọmọ mi jókòó kà á sókè fún mi.

Ọmọ mọ́kànlá ni ó wá fún ìdánwò. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn, yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí ilé ẹ̀kọ́ padà láàárín oṣù 12 kò lè díje lábẹ́ OFSAA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Ontario, àfi bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀wé tí wọ́n sì gbà pé ìdí rẹ̀ tọ́. A kọ ìwé fún un, ṣùgbọ́n èsì kò dé kí a tó ní láti fi orúkọ ránṣẹ́. Èyí dùn mí, ó sì dun àwọn ọmọ. Ó yàn láti máa di aago mú fún wa, wọ́n sì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ lára wákàtí 40 iṣẹ́ ìsìn ìlú tí ọmọ ní láti ṣe kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama níbí. Àwọn mẹ́rin tí ó yege ni ọmọ mi, ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Accra tí ń sọ èdè Gà, ọmọ kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Punjab, àti ọmọ àwọn ará Jàmáíkà.

Yìnyín ṣì wà lórí pápá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, nítorí náà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ti àpótí ẹrù wọn tán tí wọ́n sì ti lọ, àwọn mẹ́rin náà á tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n á máa rọra sá, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á gbé ọ̀pá lé ẹni iwájú rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kìíní fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ẹni kejì fi òsì gbà á, ẹni kẹta fi ọ̀tún, ẹni kẹrin fi òsì. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni kìíní àti ẹni kẹta ni ó ń sá níbi tí pápá ti tẹ̀, bí ọ̀pá bá sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n lè fara mọ́ ìlà inú dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì ní pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ṣe èyí. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì náà jókòó sórí àga ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń máàkì ìwé.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, a kọ́kọ́ wọn iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi sá mítà 100: ìṣẹ́jú àáyá 13.1, 13.4, 13.3 àti 12.9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52.7. Mo wá ní kí wọ́n sá rílè, ó sì jẹ́ 54.6. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, mo sì fi hàn wọ́n. Ẹni tí ó ń gba ọ̀pá ti ń sá kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láti orí ìdúró, nítorí náà rílè tí a sá dáadáa gbọ́dọ̀ yá ju àpapọ̀ náà lọ. Àwọn ọmọ náà ti rò pé ẹsẹ̀ àwọn ni kò yá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí a gbọ́dọ̀ ti pààrọ̀ ọ̀pá gùn tó mítà 30, ibi tí ọ̀pá wà ni wọ́n sì ń wò, wọn kì í wo ibi tí ara wà. Ẹni tí yóò gbà á dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì lẹ téèpù kan mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí ń bọ̀ bá ti tẹ téèpù náà, òun náà á gbéra láìtún wẹ̀yìn. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 18. Bí ẹni tí ń bọ̀ bá ká a mọ́ jù, a ó fi ẹsẹ̀ kan kún un; bí ó bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́, a ó yọ ẹsẹ̀ kan kúrò. Láàárín ọmọ mi àti ẹni tí ń sá kẹrin, ẹsẹ̀ 23 ni ó bá wọn mu nígbà tí afẹ́fẹ́ kò sí, 21 nígbà tí ó bá ń fẹ́ sí wọn lójú. Ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí wà nínú àpò mi títí sáà náà fi parí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń bọ̀ máa ń ké kí ẹnì kejì na ọwọ́ sẹ́yìn ni ó kó wa sí wàhálà. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń ké ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ní ìdíje wa àkọ́kọ́, ẹni kẹrin wa gbọ́ ọ láti ojú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ kí ọmọ mi tó dé, ó ń fi ọwọ́ nínà sá lọ, ọ̀pá sì kọjá ìpẹ̀kun mítà 30 kí ó tó bà á lọ́wọ́. Wọ́n lé wa kúrò nínú ìdíje. Ọmọ Jàmáíkà náà sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé, ọmọ mi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ mi sọ fún wọn pé, “Ẹ jẹ́ ká máa ké ‘Gbà!’” Èyí tí ń sọ Gà pè é lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí irú ìró bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè tirẹ̀. Ọmọ Punjab náà ń sọ “Bà”, ó tún ń sọ “Gúbà”, ó ń wo ẹnu ọmọ mi, ó fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀ láti mọ ibi tí ìró náà ti ń jáde. Mo sọ fún un pé “Bà” náà tó, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò ké e lórí pápá. Ó ní rárá, òun fẹ́ pè é bí ó ti rí.

Kí a tó lọ sí ìdíje Peel nínú oṣù karùn-ún, mo sọ ìtàn Andre De Grasse fún wọn, ọmọ Markham tí kò jìnnà sí wa, tí ó lọ sí ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2012 pẹ̀lú ṣòkòtò bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) àti bàtà tí ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí Tony Sharpe, ẹni tí òun náà ti gba bàbà nínú rílè Olympic ní 1984, sì rí i níbẹ̀. De Grasse ni ó sá kẹrin nígbà tí Kánádà gba wúrà nínú rílè 4x100 ní Paris ní ọdún 2024. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò mọ̀ pé orí irú pápá tí àwọn náà dúró sí ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ rí i.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní ọjọ́ náà, mo sì ní kí ọmọ Jàmáíkà lo ẹsẹ̀ 21. Ojú ìlà kẹfà ni wọ́n fún wa. Láti ibi tí mo dúró sí ní ìhà kejì pápá, n kò lè rí ìpààrọ̀ kìíní dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ìkejì, láti ẹnu ọmọ Punjab, “Gbà!”, ó mọ́ ketekete, ọwọ́ ọmọ mi sì yọ sẹ́yìn bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi fà á. Ní ìpààrọ̀ kẹta, ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́ ẹni kẹrin ní ibi tí ó yẹ gan-an. Ìpò kẹta ni a ṣe, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 51.4. Ọmọ tí ń di aago mú fún wa sáré wá sọ́dọ̀ mi, ó na aago náà sí mi kí n fojú ara mi rí i.

Bí wọ́n ti ń bọ́ bàtà eré, ọmọ kan láti ilé ẹ̀kọ́ tí ó sá ní ojú ìlà karùn-ún wá béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ké. Ọmọ Punjab ni ó dá a lóhùn. Ó ní Yorùbá ni, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì ní kí ó wo ẹnu òun.